Ẹ̀rọ Wà Láyà Ìyá Wa, A Ò Rí Ẹni Yẹ̀ Ẹ́ Wò: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Mínísítà Ìlera

Sí Mínísítà Ìlera fún orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, Àbújá.
Kí ọ̀gá àgbà àjọ NAFDAC àti ọ̀gá àgbà àjọ adójútòfò ìlera, NHIA, jọ̀wọ́ bá wa kà á.

Ọ̀gá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Aláró ni màámi, l'Óṣogbo. Lọ́dún 2017, nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 66, òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Wọ́n dákú lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Ẹ̀ẹ̀kejì, ìdí ìkòkò aró ni, Ọlọ́run ló ní kí ọmọ iṣẹ́ wọn wà nítòsí tó fi rí wọn gbá mú. Nígbà tí dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ìgbà 34 péré ni ọkàn wọn ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Ọkàn àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ yẹ kó máa lù láti 60 sí 100. Wọ́n ní àfi kí wọ́n gbé pacemaker sí wọn láyà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ta mọ́tò rẹ̀, àwa yòókù dá owó, ẹgbẹ́ alájọ màámi sì kó àjọ fún wọn kó tó kàn wọ́n. Wọ́n ṣe é, ó bọ́ sí i. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, màámi ti padà sídìí aró. "Aago" ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Bí wọ́n bá jókòó sójúde ní àṣálẹ́, wọ́n á fi ìka wá a lábẹ́ egungun èjìká òsì, wọ́n á ní, "Aago mi ń ṣiṣẹ́."

Fún ẹ̀yin aráàlú tí ẹ kò rí i rí: ẹ̀rọ yìí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Abẹ́ awọ àyà ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á wá gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tàbí méjì wọ inú ọkàn. Á máa tẹ́tí sí ọkàn. Bí ọkàn bá lù fúnra rẹ̀, á dákẹ́. Bó bá pẹ́ jù, á ta iná díẹ̀ sí i, ọkàn á sì lù. Kọ̀ǹpútà ni, ó kàn kéré ni. Dókítà ló ń sẹ́ẹ̀tì iye ìgbà tí ọkàn gbọ́dọ̀ máa lù àti bí iná náà ṣe máa le tó, ẹ̀rọ náà sì ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè ka ohun tó kọ. Ó ní kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìta ara, ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe ẹ̀rọ ló sì ní tirẹ̀. Ti ọ̀kan kò gbọ́ èdè ti èkejì. Ibẹ̀ gan-an ni ẹjọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 2024, àárẹ̀ mú màámi. Wọn ò lè rìn dé Ọjà Ọba mọ́ láìjókòó lẹ́ẹ̀mẹta lọ́nà. Àwọn kan ní ibà ni, wọ́n lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan ní ọjọ́ ogbó ni. A padà sí ọsibítù tí wọ́n ti ṣe é, wọn ò rí fáìlì wọn. Wọ́n ní ẹni tó máa ń gbé kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ náà wá kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, aṣojú àwọn tó ń tà á ni, ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ti bá a lọ. Wọ́n ní ká lọ máa retí ìpè. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án la fi retí ìpè tí kò wá. Ọsibítù kejì bi wá pé irú ẹ̀rọ wo ni, a ò mọ̀. Rìsíìtì owó nìkan la ní lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni "pacemaker, 1".

Dókítà ọ̀dọ́ kan ní ọsibítù kẹta ló gbà wá. Ó ya fọ́tò inú àyà màámi, ó gbé e sójú kọ̀ǹpútà, ó ń fẹ̀ ẹ́ títí àwọn àmì wínníwínní kan fi yọ lára ẹ̀rọ náà. Àmì yẹn ló fi mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ó wá mú òòfà kan jáde, róbótó, tó ní ihò láàárín bí òrùka ńlá, ó gbé e lé ibi tí ẹ̀rọ wà, ó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù lórí ìwé tó ń jáde látinú ẹ̀rọ mìíràn. Ó ṣàlàyé fún wa pé ní ti irú ẹ̀rọ yìí, bí a bá gbé òòfà lé e tí bátìrì ṣì lágbára, ọkàn á máa lù ní 85 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n bí bátìrì bá ti ń kú lọ, á já sí 65. Ó kà á, ó tún un kà. 65 ni. Ẹ̀rọ náà ti mọ̀ pé bátìrì òun ń tán, ó sì ti yí iṣẹ́ rẹ̀ padà kó lè máa ṣọ́ ìwọ̀nba tó kù lò. Àárẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ọjọ́ ogbó nìyẹn. Òòfà tó tú àṣírí náà kò tóbi ju ìdérí ife lọ.

Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀rọ náà láàárín oṣù yẹn, màámi sì wà láàyè, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, a lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀rọ tuntun, wọ́n tún ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò sí nílé, ó wà l'Ékòó, ká padà wá. Ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín nìyẹn, Ọ̀gá wa. Ohun tí a ń béèrè nìyí.

1. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ẹ̀rọ sí ènìyàn láyà níbi tí kò ti sí ohun tí wọ́n á fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹwàá ọdún 1958, ní ọsibítù Karolinska ní Solna, ẹ̀gbẹ́ ìlú Stockholm lórílẹ̀-èdè Sweden, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú ẹ̀rọ yìí sínú ara ènìyàn. Arne Larsson ni ọkùnrin náà. Ẹnjiníà Rune Elmqvist ló kọ́ ẹ̀rọ náà, Åke Senning ló ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn kò lò ju wákàtí díẹ̀ lọ tó fi dákẹ́. Síbẹ̀ Larsson lo ẹ̀rọ tó lé ní ogún lẹ́yìn rẹ̀, ó sì di ẹni ọdún 86 kó tó kú lọ́dún 2001. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀rọ nígbà tó yẹ, ni wọ́n sọ ọ́ di arúgbó. Bátìrì ẹ̀rọ ayé òde òní lè lo ọdún márùn-ún, ó lè lo mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dá lórí bí wọ́n ṣe sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ àti bí ọkàn ṣe ń lò ó tó. Kò sí ẹni tó lè fi ojú inú mọ ọjọ́ tó máa tán. Àyẹ̀wò ló ń sọ ọ́.

Àwọn àgbà ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò ní parun. Òótọ́ ni, igbá ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀rọ tó wà nínú àyà kì í ṣe igbá. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá kó ẹrù rẹ̀ lọ, ńṣe ló ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ lára ẹni tó rù ú.

Nítorí náà, a fẹ́ kí ọsibítù tó bá fẹ́ máa gbé ẹ̀rọ yìí sí ènìyàn ní kọ̀ǹpútà rẹ̀ nílé, kó jẹ́ ti ọsibítù, kí òṣìṣẹ́ ọsibítù sì mọ̀ ọ́n lò. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀wé pé bí òun bá tilẹ̀ kógbá wọlé, àyẹ̀wò kò ní dúró títí bátìrì tó tà yóò fi tán. A sì fẹ́ kí gbogbo ọsibítù ìjọba, títí kan ti ìjọba ìpínlẹ̀, ní òòfà róbótó kan, pẹ̀lú ìwé pélébé kan lára ògiri tó sọ iye tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń lù bí bátìrì bá lágbára àti bó bá ń tán, torí iye náà kò dọ́gba láàárín wọn. Èyí kò gba ọdún kan. Kò gba mílíọ̀nù. Ká ní ọsibítù àkọ́kọ́ tí a lọ ní in, a ì bá má fi ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án retí ìpè.

2. Káàdì, àti ìwé tí orúkọ wọn máa wà nínú rẹ̀.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, òfin ni pé ẹni tí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ sí lára gbọ́dọ̀ gba káàdì tó ní orúkọ ẹ̀rọ, nọ́ńbà rẹ̀ àti orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ó wà nínú òfin ẹ̀rọ ìṣègùn wọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù karùn-ún ọdún 2021. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àìní káàdì fojú màámi rí.

Wọ́n fẹ́ wọ báǹkì kan lọ gba owó oníbàárà wọn. Ẹ mọ ilẹ̀kùn gíláàsì olóbìírípo yẹn, tó ń gba ènìyàn kan lẹ́ẹ̀kan, tó máa ń há ènìyàn mọ́ àárín títí yóò fi gbà pé kò sí irin lára rẹ̀. Dókítà ti sọ fún wọn kí wọ́n má ṣe pẹ́ nínú irú rẹ̀, kí wọ́n má sì fara tì í. Màámi bẹ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé kó jẹ́ kí àwọn gba ilẹ̀kùn kejì. Ó ní kí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí wá. Wọn ò ní. Ó ní kí wọ́n yọ ohun tó wà láyà wọn. Níwájú gbogbo ènìyàn tó tò sẹ́yìn, ìyá ẹni ọdún 70 ó lé sún ọrùn bùbá wọn sísàlẹ̀ kí ọmọdékùnrin náà lè rí àpá. Wọ́n wọlé, wọ́n gba owó, wọ́n dé ilé, wọn ò sì jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Káàdì tí kò ju ti ATM lọ ì bá gba ìyà yẹn mọ́ wọn lára.

Ó tún ku ti fóònù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìyá ọjà ń fi fóònù sí, inú kọ́mú ni, lápá òsì, kí olè má baà mú un. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ wà. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ní kí fóònù jìnnà sí ẹ̀rọ tó 15 sẹ̀ǹtímítà, bíi gígùn bírò kan, pàápàá àwọn fóònù tuntun tí òòfà wà nínú wọn. Jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, kí ènìyàn má ṣe gbé àyà lé e, kó jìnnà sí i tó rúlà ọmọ ilé ìwé kan, ó kéré tán. Ọdún mẹ́ta ni màámi fi fóònù sí kọ́mú kí n tó ka èyí níbì kan. Ṣé ó yẹ kó jẹ́ èmi ni màá ṣèèṣì kà á? Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì, ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ígbò, kí wọ́n sì sọ ọ́ lẹ́nu fún ẹni tí kò lè kàwé kó tó kúrò ní ọsibítù.

Ní ti ìwé orúkọ, láti 2017 títí di òní, kò sí ẹni tó ní kí a kọ orúkọ màámi sínú ìwé kankan tó ju fáìlì tó sọnù yẹn lọ. Bí àlébù bá yọ lára irú ẹ̀rọ wọn lọ́la, ibo ni wọ́n á ti wá wọn? NAFDAC ló ń ṣàkóso ẹ̀rọ ìṣègùn tó ń wọlé sórílẹ̀-èdè yìí. Ẹ bá wa sọ fún wọn kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbìn sára ọmọ Nàìjíríà ní ojú ìwé tirẹ̀: nọ́ńbà ẹ̀rọ, ọjọ́ tí wọ́n gbìn ín, ọsibítù, àti fóònù ẹni tó rù ú àti ti ọmọ rẹ̀ kan.

3. Ẹni tó ni àyà ló ni ohun tí ẹ̀rọ àyà rẹ̀ kọ.

Marie Moe, ọmọ Norway, amòye lórí ààbò kọ̀ǹpútà ni, pacemaker sì wà láyà òun náà. Ó ń gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Covent Garden ní Lọ́ńdọ̀nù, ni ẹsẹ̀ bá kọ̀, èémí kọ̀. Ẹ̀rọ rẹ̀ ló dín ìlù ọkàn rẹ̀ kù lójijì, torí bíi ti arúgbó ni wọ́n ṣe sẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ọ̀dọ́ sì ni. Nígbà tí wọ́n tú u wò, wọ́n rí i pé ohun tí kọ̀ǹpútà dókítà ń fi hàn lójú kò bá ohun tó wà nínú ẹ̀rọ mu. Karen Sandler, agbẹjọ́rò ní Amẹ́ríkà, irú ẹ̀rọ tó máa ń ta iná ńlá sí ọkàn tó bá fẹ́ dàrú ló wà lára tirẹ̀. Ó bẹ àwọn tó ń ṣe é kí wọ́n jẹ́ kí òun ka ètò kọ̀ǹpútà inú rẹ̀, wọ́n kọ̀. Nígbà tó lóyún, ẹ̀rọ náà ṣi ìlù ọkàn aboyún gbọ́, ó ta iná sí i lásán.

Àwọn obìnrin méjèèjì yìí mọ ìwé, wọ́n mọ ẹni tí wọ́n lè bi. Aláró tó wà l'Óṣogbo ńkọ́? Àyẹ̀wò mẹ́rin ni màámi ṣe láàárín 2017 sí 2020, wọn ò fún wa ní bébà kankan rí. Ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ kò ju "ó dáa, Màmá" lọ. Nígbà tí wọ́n wá sọ fáìlì nù, "ó dáa" nìkan ló ṣẹ́ kù fún wa. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni aráàlú tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023 fún ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀dà ìsọfúnni tó jẹ́ tirẹ̀. Kò sí ìsọfúnni tó jẹ́ ti ènìyàn ju ìlù ọkàn rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde: bí wọ́n ṣe sẹ́ẹ̀tì ẹ̀rọ, bí bátìrì ṣe kù, ohun tó ṣẹlẹ̀ látìgbà tó kọjá. Kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè tí aláìsàn gbọ́, kó mú un lọ sílé.

4. Nígbà tí ìkìlọ̀ bá jáde lókè òkun, kó dé ọ̀dọ̀ wa.

Mi ò fẹ́ dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé ẹ̀rọ yìí sára, ẹ gbé e, òun ló jẹ́ kí n ṣì máa pe màámi. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó bá ń fi afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹlòmíràn lè bá a sọ̀rọ̀. Lọ́dún 2008, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà, tí Kevin Fu wà lára wọn, fi hàn nínú yàrá ìwádìí pé àwọn lè gba orí afẹ́fẹ́ ka ohun tó wà nínú ẹ̀rọ ọkàn kan, kí àwọn sì pàṣẹ fún un pé kó ta iná. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, àjọ FDA tó ń ṣe irú iṣẹ́ NAFDAC fún wọn kéde irú àlébù bẹ́ẹ̀ lára pacemaker ilé iṣẹ́ Abbott tó tó 465,000 ní Amẹ́ríkà. Wọn ò ní kí wọ́n yọ ọ́ lára ẹnikẹ́ni. Àtúnṣe wà, nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 ló ń gbà, ṣùgbọ́n kò ṣeé ṣe láti ilé, àfi kí ènìyàn wá jókòó níwájú kọ̀ǹpútà náà ní ọsibítù. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ní kò sí nílé yẹn ni, Ọ̀gá wa. Lọ́dún 2019, wọ́n tún kìlọ̀ nípa àwọn ẹ̀rọ kan tó ń fún alátọ̀gbẹ ní insulin, pé ẹni tó bá wà nítòsí lè yí iye oògùn tó ń wọ ara padà.

Ọdún tí ìkìlọ̀ 2017 jáde gan-an ni wọ́n gbé aago sí màámi láyà. Kò sí ẹni tó sọ fún wa bóyá ó kàn wá tàbí kò kàn wá. Èyí kò yẹ kó tún ṣẹlẹ̀ sí ìdílé kankan. Láti 2023, òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ fi hàn bí òun yóò ṣe máa ṣọ́ ààbò rẹ̀ àti gbogbo ètò kọ̀ǹpútà tó wà nínú rẹ̀. Ìwé náà ti wà lọ́wọ́ wọn. Kí NAFDAC béèrè ẹ̀dà rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó wọlé síbí, kó sì máa kéde ìkìlọ̀ lórí rédíò ní èdè wa.

5. Owó.

Òfin NHIA ti ọdún 2022 ní gbogbo ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní adójútòfò ìlera. Ẹ jẹ́ kó bo ẹ̀rọ yìí, kó bo àyẹ̀wò rẹ̀, kó sì bo ìpààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí bátìrì bá tán. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní mọ́tò kejì tó máa tà. Àwọn oníṣègùn kan ní Yunifásítì Michigan ti ń ṣe ìwádìí bí wọ́n ṣe lè gba ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ ṣì dára lọ́wọ́ ìdílé olóògbé, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì fi tọ́jú ẹni tí kò lówó. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n bí irú rẹ̀ bá ń wọlé, ọ̀rọ̀ káàdì àti ìwé orúkọ tí mo sọ lókè tún wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀gá wa, a ò sọ pé kí ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́la. Òòfà àti káàdì, ẹ fún wa láàárín oṣù mẹ́ta. Ìwé orúkọ àti ìwé àdéhùn àwọn tó ń tà á, kí ọdún yìí tó parí. Kí ẹ sì dárúkọ ẹni kan ní iléeṣẹ́ yín tí àwa tí ẹ̀rọ wà lára àwọn ènìyàn wa lè kọ̀wé sí, tó sì máa dá wa lóhùn.

Ọjọ́ 13 oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí màámi padà wá fún àyẹ̀wò. Aago mẹ́fà àárọ̀ la máa gbéra. Kí ẹ jọ̀wọ́ bá wa béèrè kó tó di ọjọ́ náà bóyá kọ̀ǹpútà yóò wà níbẹ̀.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Ìyá Aláró,
Òṣogbo.